Wọ́n Ní Kí A Má Ta Kajú Eléèpo Mọ́. Àwọn Ọmọ Wa Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Bantè àti ní Savalou, ẹ̀yin ará Gouka, Pira, Akpassi, Doumè àti Tchetti, àti ẹ̀yin ìbátan wa ní òdì kejì ẹnubodè, láti Ṣakí títí dé Èkó. A kò pe yín fún àwàdà lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni.

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí èkejì láàárín wa. Wọ́n ní erékùṣù kan wà ní òkun Íńdíà tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti sọ di ọlọ́rọ̀. Wọ́n ní àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń gbé iṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀, pé ẹni tó bá tètè fi owó síbẹ̀ ni yóò jẹ èrè. Erékùṣù náà ni a ń pè ní Mọ́rísì ní èdè Faransé. Mauritius ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é. Àwọn òbí ti ń bi àwa olùkọ́ léèrè pé: "Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí a fi owó kajú ọdún yìí sí i?"

Ìdáhùn wa rèé, a kò sì ní fi epo bọ iyọ̀. Òótọ́ ni ìtàn erékùṣù náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí a kọ́ nínú rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Owó tí Bantè àti Savalou bá ní fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Bantè àti Savalou ni kí ó kọ́kọ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ ná. Àgbàṣe ni. Àgbàṣe tí àwọn bàbá wa ń ṣe lóko náà ni. Olóko ní ilẹ̀, ó ní owó, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ kò tó. Ó pe ẹni tó ní okun, wọ́n jọ dúnàádúrà iye ebè, ẹni yẹn kọ ebè, ó gba owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ kan ní Paris ṣe ní àwọn oníbàárà tí ń pè é lórí tẹlifóònù láti ṣe àròyé. Ó ní ìwé owó tí a gbọ́dọ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní àwòrán tí a gbọ́dọ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Owó ọ̀yà wọ́n ní Paris. Ó wá gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó gbọ́ Faransé ní ibòmíràn, tí owó ọ̀yà rẹ̀ kéré. Wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ, òun náà ló ń gbé e padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti oko ni pé alágbàṣe kò rí ojú olóko.

Ọ̀rọ̀ wáyà yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ká wa lára. Ní 2002, wáyà abẹ́ òkun kan tí a ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbéra láti Pọ́túgà, ó bá etí òkun Áfíríkà wálẹ̀, ó yà ní Dakar, ó yà ní Abidjan àti Accra, ó gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ó kọjá sí Èkó, ó sì lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́ ìkejì rẹ̀ tí a ń pè ní SAFE. SAFE yìí gba Mọ́rísì kọjá lọ sí Íńdíà àti Malaysia. Okùn kan náà ni, ẹ̀yin ará. Ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kútọnu àti ní Mọ́rísì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé Ọlọ́run ló fún wọn tí kò fún wa.

Kí wá ni wọ́n ṣe? Ní 1961, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, James Meade, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977, kọ ìwé nípa erékùṣù náà. Ó ní ìrètí wọn kò pọ̀: èèyàn pọ̀ jù, iṣẹ́ kò sí, ìrèké nìkan ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní oṣù kẹta 1968, ṣúgà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun. Ẹ fi wé àwa àti òwú, àwa àti kajú. Ní 1970, wọ́n ṣe òfin tó fa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà fún òkèèrè wọlé; aṣọ rírán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1977, wọ́n sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọdún 25 ló ṣáájú wáyà. Ọmọ ọdún 12 tó wọlé ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1977 ti di ẹni ọdún 37 nígbà tí wáyà dé. Ó ti tó ẹni tó lè jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ọmọ náà ń sọ Kreol nílé, ó gbọ́ Faransé, ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gba ìrànlọ́wọ́ owó lọ́wọ́ Íńdíà, tí wọ́n kọ́ ìlú kọ̀ǹpútà sí Ebène, ní gúúsù Port Louis tí í ṣe olú-ìlú wọn. Oko ìrèké ni ilẹ̀ Ebène tẹ́lẹ̀.

Ilé-ìwé ló kọ́kọ́ dé. Èdè tẹ̀ lé e. Wáyà tẹ̀ lé e, ilé gíga tẹ̀ lé e. Owó àjèjì ló dé kẹ́yìn. Àwọn tí ń polówó erékùṣù náà fún wa ń ka ìtàn náà láti ìparí, wọ́n sì ń ní kí àwa náà fi ìparí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ẹni tó ń polówó náà léèrè: ẹnu ọ̀nà wo ni owó mi yóò gbà wọlé? Mọ́rísì ní ẹnu ọ̀nà fún àjèjì olówó, kò sì fi pamọ́. Láti 2020, àjèjì tó bá fẹ́ fi ilé rírà gba ìwé ìgbélùú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ilé tí owó rẹ̀ kò dín ní 375,000 dọ́là. Ìyẹn ju 200 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ. Oko kajú mélòó ni yóò pèsè rẹ̀? Ẹni tó bá gba 50,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ìyá aláta ní ọjà Bantè, tó ní òun ń gbé e lọ sí Mọ́rísì, kí ó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á, kí ó sọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ó sọ ọ̀nà tí a ó gbà yọ owó wa bí a bá fẹ́ ẹ. Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apò rẹ̀ ni erékùṣù náà.

A kò sọ pé ìpín-òwò kò dára o. Ẹni tó ní owó tó fẹ́ fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà rẹ̀ wà nítòsí. BRVM ti wà ní Abidjan láti 1998, ó sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè 8 tí ń ná sẹ́fà, Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ìpín Sonatel ti Sẹ̀nẹ̀gàl wà, ibẹ̀ ni ti Orange Côte d'Ivoire wà. Alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ la ń bá rà á. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìlérí níbẹ̀ pé owó yóò di ìlọ́po méjì lóṣù mẹ́ta.

Ìlérí bẹ́ẹ̀, a ti mọ ojú rẹ̀. Ní 2010, ICC Services wó ní ilẹ̀ wa níbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pàdánù owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2016, MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó ní ẹ̀rọ onílàákàyè ló ń bá wọn ṣòwò. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwa ti rí ejò ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Bí a bá tilẹ̀ fi ojú olówó gidi wò ó, odò tí wọ́n ní kí a lọ pọn yìí ń fà. Ní oṣù kẹfà 2025, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin tuntun: láti oṣù kẹjọ 2026, ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ pe ènìyàn lórí tẹlifóònù láti polówó ọjà fún un àfi bí ẹni náà bá ti gbà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ pípe oníbàárà báyìí wà lára ohun tí àwọn ilé ìpè ní Mòrókò, Túnísíà, Mọ́rísì àti Madagásíkà ń jẹ. Ẹni tó bá ń kó owó lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa òfin náà.

Madagásíkà tí a dárúkọ yìí tún ní ẹ̀kọ́ méjì fún wa. Erékùṣù ńlá ni, tálákà sì ni. Kò sí lórí okùn 2002. Ọdún 2009 ni wáyà òkun àkọ́kọ́ tirẹ̀ dé, ọdún méje lẹ́yìn tiwa. Síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Faransé gbé iṣẹ́ tẹlifóònù àti iṣẹ́ ìwé lọ síbẹ̀, nítorí pé Faransé wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn, owó ọ̀yà wọn sì kéré ju ti Mọ́rísì lọ. Iná wọn kò dára ju tiwa. Ọ̀rọ̀ iná àti omi ló lé àwọn ọ̀dọ́ wọn sí ìgboro ní oṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, ìjọba ṣubú. Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ẹni tó pẹ́ dé lè rí iṣẹ́ gbà, kò dìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé iṣẹ́ yìí dà bí agbo màlúù: ibi tí koríko bá wà ló ń lọ. Ó kúrò ní Paris lọ sí Mọ́rísì, ó kúrò ní Mọ́rísì lọ sí Madagásíkà. Ẹni tó fi owó ra koríko ibòmíràn yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò rí i pé màlúù ti lọ. Ẹni tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́, iṣẹ́ náà wà ní orí ọmọ, ibi yòówù tí màlúù bá lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kajú ti wọlé.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, ìjọba wa ti fòfin de kíkó kajú eléèpo jáde kúrò nílùú. Wọ́n ní kí a máa fọ́ ọ nílé, wọ́n sì ṣe ibùdó ilé-iṣẹ́ ńlá sí Glo-Djigbé fún un. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó ń ta kajú pẹ̀lú èèpo ń fi èrè sílẹ̀ fún ẹni tó ń fọ́ ọ. Àlàyé náà tọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa ní ọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wọn, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Lórí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, a kò bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ńkọ́?

Ẹ wo ọmọ kan tó ṣe BAC ní Bantè. Ìjọba ti náwó lé e lórí, òbí rẹ̀ ti ta iṣu, ta sóyà. Ọdún méje ló fi kọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ní kọlẹ́ẹ̀jì, nítorí láti sizièmù ni wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń sọ Itcha tàbí Ifẹ̀ nílé, ó gbọ́ Mahi bó bá ti Savalou wá, ó sì ń bá ará Ìbàdàn sọ Yorùbá láìsí ògbufọ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí tán. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí ìsàlẹ̀. Bí orí bá bá a ṣe é, ó wọ yunifásítì. Bí kò bá ṣe é, ó gun zémidjan ní Kútọnu, tàbí kí ó kọjá ẹnubodè lọ ṣe lébìrà ní Èkó. Èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé wọn. Pẹ̀lú èèpo lára ni a fi kó o jáde. Òfin wo ló de ìyẹn?

A mọ̀ pé ìjọba ń ṣe nǹkan lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá Sèmè City sílẹ̀ fún ìmọ̀ tuntun, ilé-ẹ̀kọ́ ti wọ inú rẹ̀ ní Kútọnu, wọ́n sì yan Ouidah fún ibùdó ńlá rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Kútọnu, Ouidah, Glo-Djigbé, gúúsù ni gbogbo wọn wà. Nígbà ìkànìyàn 2013, Bantè nìkan ju 100,000 ènìyàn lọ, Savalou náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé iṣu àti kajú nìkan ni wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ èrò tó pọ̀ tó báyìí? Iṣẹ́ tó ń gba inú wáyà kọjá ni ìwọ̀nba iṣẹ́ tí kò nílò èbúté. Kí ló wá dé tí a fi kó o lọ sí etí òkun pẹ̀lú èbúté?

Ẹ̀yin ìbátan wa ní Nàìjíríà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba yín ti ẹnubodè ilẹ̀. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn oníṣòwò wa rí láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀ yẹn: tòmátì jẹrà, ìrẹsì dúró lójú ọ̀nà, ẹbí kò rí ẹbí. Ẹ sọ fún wa: ṣọ́jà wo ló lè dá ìwé tí a fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ dúró ní Sèmè-Kraké?

Àwọn ilé-iṣẹ́ yín sì nílò ohun tí àwọn ọmọ wa ní. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí Nàìjíríà ká ló ń lo Faransé: Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ́, Cháàdì, Kamẹrúùnù. UBA wà ní Kútọnu. Àwọn oníṣòwò yín ń tajà dé Lomé àti Abidjan. Ta ni yóò kọ ìwé àdéhùn wọn ní Faransé? Ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn nígbà tó bá ń bínú ní Faransé, kí ó tún ṣàlàyé ìbínú náà fún ọ̀gá ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá? Ọmọ Bantè lè ṣe é bí a bá kọ́ ọ. Ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó fà là láàárín wa, tí a fi ń sunkún láti ayé àwọn baba wa, ó fún wa ní èdè òyìnbó méjì. Ohun tó ya wa sí méjì lè máa mú owó wálé fún wa.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní: "Iná kì í dúró ní Bantè, kí la ó fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kì í sábà jẹ ju wáàtì 60 lọ. Ogún rẹ̀ pọ̀ jẹ́ wáàtì 1,200. Iná tí ẹ̀rọ ìlọta kan ń jẹ níbi tí ìyá wa ti ń lọ àgbàdo jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwo oòrùn orí òrùlé kíláàsì kan pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ lè gbé e. Oòrùn sì ni ohun tí Bantè ní jù.

Wọ́n á tún ní: "Ẹ̀rọ onílàákàyè ti ń dáhùn tẹlifóònù báyìí, iṣẹ́ náà ti fẹ́ tán." Òótọ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kíka ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ fún oníbàárà, ẹ̀rọ yóò gbà á, a kò sì gbọdọ̀ kọ́ ọmọ wa ní ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà, ènìyàn ló ń kọ́ ọ. Yorùbá wọ ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google ní 2013. Fọ̀n wọ̀ ọ́ ní 2024. Gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ bí Yorùbá rẹ̀ ṣe ń ṣì. Ta ni yóò tún un ṣe? Ta ni yóò fi Itcha àti Ifẹ̀ kọ́ ọ bí kò bá ṣe ọmọ ẹni tó ń sọ ọ́?

Àmọ́ kí a lọ ṣe é pẹ̀lú ojú tó là. Ní oṣù kìíní 2023, ìwé ìròyìn TIME tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà tí ń ka ọ̀rọ̀ burúkú láti fi kọ́ ẹ̀rọ OpenAI ń gba iye tí kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan. Ìwà ipá àti ìbàjẹ́ ni wọ́n ń kà láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ba ọkàn wọn jẹ́. Bàbá wa kì í gba àgbàṣe láì wo oko ná. Ó máa ń rìn yí i ká, yóò wo òkúta, yóò wo ìgbẹ́, kí ó tó sọ iye. Ọmọ tí a bá kọ́ ní kọ̀ǹpútà tí a kò kọ́ ní ìdúnàádúrà, a kàn tà á lọ́nà tuntun ni.

Àwọn kan á sì rẹ́rìn-ín pé: "Ọmọ oko ni àwọn wọ̀nyí." Ẹ dá wọn lóhùn pé oko ìrèké ni Ebène.

Nítorí náà, a kò kàn fẹ́ kí ẹ bínú kí ẹ sì kọjá lọ. Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè.

Èkíní, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ Savalou bá wálé fún ọdún iṣu, owó máa ń jáde. Kí apá kan nínú rẹ̀ lọ sí kíláàsì kọ̀ǹpútà kan ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Savalou. Kí ẹgbẹ́ Bantè ṣe irú rẹ̀ ní Bantè. Ogún kọ̀ǹpútà, àwo oòrùn, íntánẹ́ẹ̀tì ọdún kan, àti ẹni kan tí a ń san owó fún láti máa tọ́jú wọn, nítorí ohun tí kò ní olùtọ́jú ni eku ń jẹ. Èésú ni kí a fi ṣe é, bí a ti mọ̀ ọ́n ṣe: orúkọ olówó hàn, ìwé owó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àpò owó wà ní báńkì lábẹ́ ọwọ́ ẹni mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dé tó ní òun yóò fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún un lóṣooṣù, ẹ fi ọ̀nà hàn án.

Èkejì, lọ́wọ́ ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní ilẹ̀ Faransé. A kò tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ ni a ń tọrọ. Ẹ fún àwọn ọmọ yìí ní iṣẹ́ kékeré kan fún oṣù mẹ́ta: ìwé tí ẹ fẹ́ yí sí Faransé, àkọsílẹ̀ ọjà tí ẹ fẹ́ kí ó wọ kọ̀ǹpútà, oníbàárà Faransé tí kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ẹ san iye tó tọ́. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, ẹ sọ ọ́ kí a tún un ṣe. Oníbàárà àkọ́kọ́ kan tó ń san owó ṣe pàtàkì ju ilé gíga mẹ́wàá tí kò sí ẹni nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn mérì wa. Ẹ̀ka ibùdó kọ̀ǹpútà tó bá tún kàn, kí wọ́n gbé e wá sí Collines. A kò ní dákẹ́ lórí èyí, nítorí a ti rí i pé ariwo máa ń ṣiṣẹ́. Ní 2018, ìjọba gbé owó orí lé lílo irú ojú-ewé tí ẹ ń kà yìí, sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kan. Ará ìlú pariwo, àwọn ọ̀dọ́ pariwo jù, oṣù kẹsàn-án kò sì tíì parí tí wọ́n fi gbé e kúrò. Bí a bá lè pariwo kí wọ́n má ba íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a lè pariwo kí wọ́n gbé iṣẹ́ inú rẹ̀ wá bá wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ló ní pẹpẹ, àwa la ni àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ gbé owó rẹ̀ lọ sí erékùṣù lẹ́yìn gbogbo èyí, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ fún wa mọ́ pé kò sí ohun tí a lè fi owó ṣe nílé. Kíláàsì wà, oòrùn wà, okùn náà ti wà ní Kútọnu láti 2002. Àwọn ọmọ wà, èdè sì kún ẹnu wọn. Kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣáájú dárúkọ ara rẹ̀ ṣáájú ọdún iṣu tó ń bọ̀. Àwa olùkọ́ ti ṣe tán láti ṣí kíláàsì ní ọjọ́ Sátidé.